Edé Tó Wà Nísàlẹ̀ Báfù

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi wọn edé ní èbúté Youpwé, ní Douala ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ìwé tí mo sì kọ fún ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, irọ́ ni. Ẹnì kan kú sí i, ọkọ àbúrò mi sì ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kí n tó sọ nǹkan mìíràn, nítorí mo mọ ara mi. Bí mo bá kọ́kọ́ fi àlàyé bẹ̀rẹ̀, màá ṣàlàyé títí ẹ ó fi máa bá mi kẹ́dùn, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá mi kẹ́dùn lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Edé ni ìyá mi ń tà. Tútù ló ń tà láàárọ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù, á fi èéfín gbẹ ẹ́ fún àwọn tó ń kó o lọ sí ìlú òkè. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní ọjà Marché Dakar, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta tòmátì, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn tòmátì ló ń yí padà, òun kì í yí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun àti bàbá wa ti wá. Bàbá wa ta aṣọ ní àdúgbò New Bell títí ọlọ́jọ́ fi dé, ó fi ìyá wa, èmi àti àbúrò mi obìnrin sílẹ̀ nínú yàrá méjì lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé. Yorùbá tèmi ṣì dúró, nítorí ẹ̀yìn ìyá mi lọ́jà ni mo dàgbà sí. Ti àbúrò mi, ẹ jẹ́ ká dákẹ́. Bó bá ń kí àgbàlagbà, ìdajì á jẹ́ Yorùbá, ìdajì á jẹ́ Faransé, ẹ̀rín ni yóò fi dí èyí tó bá kù.

Iṣẹ́ tí àwa méjèèjì ń ṣe kí a tó lọ síléèwé ni pé ká ṣe ojú báfù ìyá wa. Ẹni tí kò bá tajà rí lè má mọ ohun tí mò ń sọ. A ó da àwọn edé kéékèèké sísàlẹ̀ pẹ̀lú yìnyín, a ó wá to àwọn ńláńlá sókè, gbogbo orí wọn á kọjú síbì kan náà, irùngbọ̀n wọn gígùn á rọ̀ sétí báfù. Àbúrò mi mọ̀ ọ́n tò jù mí lọ. Kì í ṣe jìbìtì o. Gbogbo ẹni tó ń ra edé ní Douala ló mọ̀ pé ohun tó wà lókè kọ́ ló wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìsàlẹ̀, á ní kí wọ́n dà á síta kí òun wò ó, ìyá mi á sì dà á, ṣùgbọ́n ó dìgbà tó bá ti tajà àárọ̀. Kí ó tó ta ti àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ báfù rẹ̀ kọjá ojú. Ó gbà pé ẹni tó bá tú ọjà òun wò kí òun tó ṣí i ti ba ọjọ́ náà jẹ́. Gbogbo àwọn obìnrin wa tó ń ta edé ló gbà bẹ́ẹ̀. A bá a níbẹ̀ ni, a ò béèrè ìdí.

Nígbà tí ọ́fíìsì tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ẹja wá ń wá ẹni tó gbọ́ Faransé, tó gbọ́ Písìn, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì ọjà, tí àwọn obìnrin èbúté kò sì ní lé dànù, èmi ni wọ́n mú. Inú ìyá mi dùn, ó ṣe sàárà fún àwọn ọmọ kéú. Wọ́n fún mi ní irin ìwọ̀n kan tí ẹnu rẹ̀ ń là tó ń padé, tí a fi ń wọn gígùn edé, ìwé onílà, àti bàtà rọ́bà tó tóbi jù mí lọ.

Ọ̀gá mi níbẹ̀ jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya gbogbo rẹ̀ sára pátákó fún mi. Inú òkun ni edé ń yé sí. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì kéré bí ìrẹsì, omi á gbé e wá sínú igbó ẹ̀gbà, àwọn igi tí gbòǹgbò wọn ń dúró nínú omi, tó wà lẹ́nu odò Wouri wa yìí, ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹ, tí yóò ti dàgbà díẹ̀. Tó bá ti tó ìka ọwọ́ ọmọdé, á tún gba ẹnu odò yẹn kan náà padà sínú òkun, á lọ gbó, á lọ yé tirẹ̀. Bí a bá fi àwọ̀n dí ẹnu odò lásìkò tí àwọn ọmọ yìí ń jáde lọ, kò ní sí ìyá tí yóò yé lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin fi wà. Òfin sọ bí ojú àwọ̀n ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, kí èyí tó kéré lè yọ jáde. Òfin sọ pé àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ òkun kò gbọdọ̀ kọjá ààlà kan wá sétí ilẹ̀, kí àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré lè rí tiwọn ṣe. Èyí tó kàn mí jù ni ti ìsinmi, tí wọ́n ń pè ní repos. Bí ìwọ̀n bá fi hàn pé àwọn kéékèèké ló pọ̀ jù nínú edé tí wọ́n ń kó wálé, wọn á ti ẹnu odò fún oṣù méjì, kò ní sí àwọ̀n tí yóò wọ ibẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọn ńlá ló pọ̀, wọn ò ní tì í.

Ọ̀gá mi ní, "Ọgbọ̀n ni kó o máa mú nínú báfù kọ̀ọ̀kan. Mẹ́wàá lójú, mẹ́wàá láàárín, mẹ́wàá nísàlẹ̀ pátápátá. Ìwé tó o bá mú wá la ó fi pinnu. Ó yé ẹ?"

Mo ní ó yé mi. Ó yé mi lóòótọ́, èmi kì í ṣe ọ̀dẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, báfù ọ̀rẹ́ ìyá mi ni mo kọ́kọ́ bá, ìyá Ọ̀fà kan tó wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ṣàlàyé iṣẹ́ tí mo bá wá, mo wá ki ọwọ́ bọ báfù náà dé ìgúnpá. Háà! Ìyá yìí di ọwọ́ mi mú bí ẹni tó mú olè.

"Ìwọ ọmọ yìí! Mi ò tíì tajà àárọ̀ o! Kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

Ni àwọn yòókù bá ń fa báfù tiwọn sẹ́yìn. Ẹnì kan pòṣé. Kí bẹ́ńsíkín tó gbé mi padà dé New Bell, tó jẹ́ pé ọ̀kadà wa ni, kì í sì í falẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti délé ṣáájú mi. Ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó kọ́wọ́ sí ìbàdí.

"Ṣé ẹ̀kọ́ tí mo fún ẹ nìyẹn? O ki ọwọ́ bọ ọjà àgbà ní kùtùkùtù! Ẹni tó wẹ̀ ọ́! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa fi ọwọ́ júwe mi lọ́jà ni?"

"Màmá, iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ kọ́, iṣu ni! Ṣé kò sí edé lójú báfù tó o lè wọ̀n ni? Edé kì í ṣe edé?"

Lọ́jọ́ kejì, mo mú gbogbo ọgbọ̀n náà lójú báfù. Ìyá Ọ̀fà rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní mo jọ ìyá mi, ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kí n rí ọmọ tí yóò bọ̀wọ̀ fún èmi náà. Mo wọn edé ńláńlá tí òun fúnra rẹ̀ ti fi sùúrù tò sókè, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo dúpẹ́, mo bọ́ sórí ti ẹni tó kàn. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọdún mẹ́ta.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò dúró kí wọ́n tajà àárọ̀ tán kí n tó wọ̀n. Ìbéèrè tó dáa ni. Bí wọ́n bá ti ta ti àkọ́kọ́ báyìí, kíá ni wọ́n á ti pín báfù náà fún àwọn tó ń gbé e lọ sọ́jà, kò ní ku nǹkan tí mo lè wọ̀n. Àmọ́ mo lè jí ní ìdájí kí n lọ bá àwọn apẹja nínú ọkọ̀ wọn, kí edé tó dé ọwọ́ obìnrin kankan. Mi ò ṣe é. Èbúté jìn sí New Bell, òjò Douala kì í dá, mo sì fẹ́ràn oorun. Ẹ wò ó, bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi to ojú báfù láti kékeré, ta ló yẹ kó mọ̀ ju èmi lọ? Mo mọ̀. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé nǹkan kékeré ni, pé àwọn mìíràn náà ń wọ̀n níbòmíràn, pé ọ̀gá á ti ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó sì dùn mọ́ mi kí wọ́n máa pè mí ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ yẹn ló bà mí jẹ́.

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn náà ni àbúrò mi ṣe ìyàwó. Ìlàjẹ ni ọkọ rẹ̀, orí omi ni wọ́n bí i sí, ó gba ẹ̀sìn kí wọ́n tó so yìgì. Ìyá mi kò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Ó ní apẹja kì í gbọ́ òórùn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà mọ ọ̀nà ọkàn ìyá aya: gbogbo Jímọ̀ ló ń gbé edé tó dára jù wá fún un, kò sì gba nǹkan kan. Àwọn méjèèjì gba ilé sí Japoma, lọ́nà ibi pápá ìṣeré ńlá yẹn, nítorí ilé kò wọ́n níbẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n oníwọ̀n" ló ń pè mí. Bó bá rí mi ní èbúté, á na ọwọ́ rẹ̀ síwájú mi, á ní kí n wọn ìka òun wò bóyá ó ti tó èyí tí òfin gbà kí wọ́n mú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn, kò sì sú u rí.

Àwọ̀n olójú fífẹ̀ ló ń lò. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí àwọ̀n tiwọn dí bí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ohun tó bá ti ń mí ni wọ́n ń kó. Ó ní òun fẹ́ kí ọmọ tí òun bá bí rí edé pa. Wọn ò tíì bímọ nígbà náà.

Ní ọdún kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ó ní ibi tí òun ti ń kún báfù mẹ́ta tẹ́lẹ̀, báfù kan ò kún mọ́. Ní ọdún kẹta, kò ráhùn mọ́, ó kàn ń dákẹ́ ni. Ìyá mi náà rí i. Ìgbà tí ó ń ṣe ojú báfù, ó ní láti wá àwọn ńlá tí yóò tò kiri, á máa fi wọ́n sí ọ̀nà jíjìn síra kí wọ́n lè kárí. Èmi wò ó bó ṣe ń tò ó, mo wá gbé irin mi, mo lọ síbi iṣẹ́, mo wọn ojú báfù.

Wọ́n wá pe ìpàdé sí abẹ́ páànù ní èbúté, òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ọ̀gá mi wá pẹ̀lú fáìlì rẹ̀. Àwọn apẹja jókòó sápá kan, àwọn obìnrin jókòó sápá kejì, ìyá mi wà láàárín wọn nítorí ọ̀rọ̀ ọjà rẹ̀ ni. Èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá mi bí ẹni ńlá. Wọ́n fẹ́ pinnu bóyá kí wọ́n ti ẹnu odò lọ́dún náà.

Àna mi ló kọ́kọ́ dìde. Kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ó ní, "Abeg, make una close am. Two month. We go manage." Ariwo ta. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣé òun ni yóò máa bọ́ àwọn ọmọ àwọn. Ó dúró kí wọ́n pariwo tán, ó ní òun mọ̀ pé ebi á pa àwọn, á pa òun náà, ṣùgbọ́n òun ti rí ohun tó ń jáde nínú àwọ̀n àwọn, ọmọ ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀, àwọn ń pa ọmọ ọwọ́.

Ọ̀gá mi fetí sí i dáadáa. Ó wá ṣí fáìlì. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu ti odò tí gbogbo ìlú ń jẹ lára rẹ̀. Ó ní ìwé ọdún mẹ́ta ló wà níwájú òun yìí, ohun tí ìwé sọ ni pé edé tó ń wọlé tóbi. Ó wá nawọ́ sí mi.

"Ọmọ yín ló wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe àjèjì."

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo wo àna mi. Kò sí ìfura kankan lójú rẹ̀, ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ó kàn dàbí ẹni tí nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yé.

Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, èmi nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀: "Bó bá jẹ́ Ẹ̀gbọ́n ló wọ̀n ọ́n, á jẹ́ pé òótọ́ ni. Á jẹ́ pé wọ́n ṣì ń bẹ. Bóyá wọ́n ti sún síwájú ni, tí èmi ò sì tẹ̀lé wọn."

Mo fẹ́ dìde. Ọlọ́run gbọ́, ìdí mi ti kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Mo wo ọ̀kánkán, ojú èmi àti ìyá mi ṣe mẹ́rin. Kò mi orí, ó kàn wò mí báyìí, Ìyá Ọ̀fà wà lápá ọ̀tún rẹ̀, àwọn yòókù wà lápá òsì rẹ̀. Mo rò ó pé bí mo bá sọ̀rọ̀, màá sọ pé gbogbo àwọn obìnrin yìí ló ń to ojú ọjà bo òfin mọ́lẹ̀. Mo rò ó pé iṣẹ́ á bọ́. Mo jókòó padà. Wọn ò ti ẹnu odò.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni àna mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jìnnà. Ó kọjá ẹnu odò, ó kọjá ààlà, ó lọ síbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń wọ́ àwọ̀n. Òfin kò sọ pé kí ọkọ̀ kékeré má dé ibẹ̀. Ojú ara ẹni ló ń sọ fúnni. Ó sì rí edé ńláńlá níbẹ̀ lóòótọ́, àwọn tó ti gbó, àwọn tó yẹ kó máa yé. Ní Jímọ̀ kìíní ó gbé abọ́ kan tó kún wá sílé wa.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé yín ò parọ́ o!" Inú rẹ̀ dùn, ó na ìka rẹ̀ sí mi kí n wọ̀n ọ́n.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo sè é. Mo jẹ ẹ́. Ẹ bá mi wo ọ̀fun tó gbé e mì.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà. Ó jáde ní ìdájí pẹ̀lú èkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń pẹja, òjò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, irú òjò tí kì í jẹ́ kéèyàn rí ọwọ́ ara rẹ̀. Àbúrò mi wá sí èbúté lọ́sàn-án pẹ̀lú kúlà oúnjẹ, ó jókòó sábẹ́ páànù níbi tí a ti ṣèpàdé. Gbogbo ọkọ̀ tó kù wọlé. Èmi ni mo mú un lọ sílé nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, àwọn apẹja mìíràn rí ìdajì ọkọ̀ náà, ìdajì péré, ó là bí ẹni fi àáké là á, àwọ̀n olójú fífẹ̀ yẹn sì wé mọ́ ọn. Èkejì rẹ̀ rọ̀ mọ́ kẹ́ẹ̀gì, wọ́n gbé e wálé láàyè. Ó ní ọkọ̀ ńlá kan ló yọ sí àwọn láti inú òjò, pé kò fọn fèrè, kò sì dúró. Kò mọ àwọ̀ rẹ̀, kò rí orúkọ kankan lára rẹ̀. Wọ́n ṣe ìwádìí, ìwé náà wà níbì kan. Àna mi kò padà wá. A kírun sí i lára láìsí òkú.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, mo lọ bá ọ̀gá mi. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ojú, àárín, ìsàlẹ̀, Ìyá Ọ̀fà, ìyá mi, ọdún mẹ́ta. Mo fẹ́ kó bú mi. Mo fẹ́ kó lé mi. Ọkùnrin náà kàn bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

Ó ní, "Tí a bá kọ̀wé pé irọ́ ni ti ọdún mẹ́ta, ta ni yóò tún gbà wá gbọ́? Máa lọ. Láti ọ̀la, wọ̀n ọ́n bí mo ṣe kọ́ ẹ." Ó gbé fáìlì náà sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í.

Inú bí mi sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n mo ṣe é. Lọ́jọ́ kejì mo ki ọwọ́ dé ìsàlẹ̀ báfù Ìyá Ọ̀fà, ó sì ṣépè, mo ní "Àmín, Màmá," mo ń wọ̀n. Ohun tí mo kó jáde níbẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan lè gba ogún nínú wọn. Ẹnikẹ́ni ò pè mí ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ti ẹnu odò fún oṣù méjì. Àwọn ọkọ̀ kékeré dojú dé sórí iyanrìn, ìyá mi ń ta edé gbígbẹ tó kù nílé díẹ̀díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń fẹ́ná sábẹ́ ìwọ̀nba tó kù, ó sọ̀rọ̀ láìwò mí.

"Mo rí ẹ tó o fẹ́ dìde lọ́jọ́ ìpàdé yẹn."

Mo ń bá a yí àwọn edé náà padà lórí èéfín.

"Èmi ni mo fojú dá ẹ dúró," ó ní. Ó ń fẹ́ná lọ. Èéfín ló bojú rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó ń sunkún.

Àbúrò mi ń ṣe opó ní Japoma, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀, kò gbọdọ̀ jáde láìnídìí. Ọjọ́ Àìkú ni mò ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Mò ń gbé oúnjẹ lọ, a ó jókòó. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó gbójú sókè láti orí tẹ̀sùbáà rẹ̀.

"Àǹtí, ibo lẹ ti máa ń mú wọn?"

"Mú kí ni?"

"Edé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n. Ṣé lókè ni, àbí au fond, nísàlẹ̀ pátápátá?"

Mo mọ̀ pé mo lè parọ́. Ó ti mọ́ mi lára. Mo ní, "Lókè."

"Lókè tí èmi àti ẹ̀yin máa ń tò fún Màmá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ka ìlẹ̀kẹ̀ bíi mélòó kan. Ọmọ tí mo sọ pé kò gbọ́ Yorùbá dáadáa yìí, gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́yìn ìyẹn, kò fi Faransé kankan sí i.

"Ó gbà yín gbọ́," ó ní. "Ó délé lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, ó ní Ẹ̀gbọ́n ti wọ̀n ọ́n, ó ní òun ni òun kò tíì wá wọn dé ibi tí wọ́n wà." Ó tún ka ìlẹ̀kẹ̀. "Ẹ máa lọ, òjò fẹ́ rọ̀."

Nígbà tó jáde ní opó, wọ́n ti ṣí ẹnu odò padà. Ara ìyá wa kò gbé ọjà títà mọ́, àbúrò mi ló gba báfù rẹ̀, ó gbé e wá sáàárín àwọn obìnrin èbúté. Ó ní láti jẹun. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, mo ń wọ̀n bọ̀ láti orí ìlà àwọn obìnrin, àwọn kan ń pòṣé, àwọn kan ń fa báfù sẹ́yìn, títí mo fi kan òun. Kò tíì tajà àárọ̀. Mo rí ojú báfù rẹ̀, ó ti tò ó, gbogbo orí kọjú síbì kan náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tò bẹ́ẹ̀ ní gbogbo èbúté. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mi ò mọ bí màá ṣe ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ mi kọ̀.

Ó wò mí. Ó dìde, ó gbá báfù náà mú létí méjèèjì, ó dojú gbogbo rẹ̀ dé sórí ọ̀rá tó tẹ́ sílẹ̀, edé àti yìnyín. Ìyá Ọ̀fà kígbe. Kò sí obìnrin tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọjà ara rẹ̀ kó tó ṣí i. Ó gbé báfù òfìfo kúrò, èyí tó wà nísàlẹ̀ wá wà lókè, kéékèèké, wọ́n rọ̀, ojú wọn dúdú bí orí abẹ́rẹ́.

"Ẹ wọ̀n ọ́n, Àǹtí," ó ní. "Ibí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Mo wọn ọgbọ̀n. Mo kọ gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Nígbà tí mo kọ èyí tó kẹ́yìn tán, ó ti ń kó wọn padà sínú báfù, ó kó àwọn ńlá sísàlẹ̀, ó da àwọn kéékèèké lé wọn lórí. Oníbàárà méjì yọjú, wọ́n wò ó, wọ́n kọjá lọ. Kò pè wọ́n. Bó ṣe ń tà á títí di òní nìyẹn, òun nìkan ní gbogbo èbúté náà, òun ló sì máa ń tà gbẹ̀yìn.